Òórùn Ìyá Tíṣà Nínú Ẹja Nojeem

Imú mi ni mo fi ń jẹun. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń po lọ́fíndà tà ní Ọjà'ba, imú yìí náà ni mo sì fi ń yẹ òróró wò kí n tó rà á. Bí ó bá ń purọ́ fún mi ni, ebi ì bá ti lé mi kúrò ní ìdí àtẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé àlá ni mo lá, kó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi, kí n fi gèlè di ojú rẹ̀, kó gbọ́ òórùn ogún ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó dárúkọ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni èmi àti òun á tó jọ sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ nínú ilé tèmi ní Bẹyẹrunkà. Ọ̀sán gangan ni. Kò sí òkùnkùn níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sùn.

Kúlúsúmù ni orúkọ mi. Sẹ̀gilọlá ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi wà nílé ọkọ láìgbọ́ igbe ọmọ. Ẹni tó bá mọ ilé ọkọ á mọ bí ọdún mẹ́sàn-án ṣe gùn tó. Àwọn ènìyàn á máa kí i, ojú wọn á máa wà ní ikùn rẹ̀. Nígbà tó wá bí Àjíkẹ́ ní ọdún tó kọjá, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó kó wá sọ́dọ̀ mi kí n lè máa bá a wẹ ọmọ, nítorí Sàláúdéènì, ọkọ rẹ̀, ń wa tírélà lọ sí Kánò, kì í sábà sí nílé. Ọmọ kan lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. N kò lè fi ẹnu sọ bí mo ṣe ń wò ó. Bí ó bá sín, èmi ni àyà mi á kọ́kọ́ já.

Gbogbo wa la mọ ohun tí a fi ń tọ́jú ìyá ìkókó nílẹ̀ wa. Ẹja àrọ̀ tútù, ata tó ta dáadáa, omi ọbẹ̀ gbígbóná, kí ọmú lè ṣàn. Ìyá mi sè é fún mi, èmi náà sè é fún Sẹ̀gi. Nojeem ló ń sin ẹja ní àdúgbò wa. Ó gbẹ́ kòtò mẹ́ta sí ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí odò, ó sì la ojú omi láti inú odò náà wọ inú kòtò rẹ̀. Odò kékeré kan ni, tí gbogbo gọ́tà àdúgbò ń dà sí. Omi rẹ̀ kò dára lójú, ṣùgbọ́n ẹja Nojeem tóbi, ó sanra, ó sì ń ta pọ́ún nínú agbada. Mo ń ra méjì lọ́sẹ̀.

Ọmọ náà ti lé ní ogójì ọjọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn ọkùnrin ti lọ kírun. Bẹyẹrunkà tí kì í dákẹ́, ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ tó ń lọ ata kò dún. Rédíò kò dún. Mo ti wẹ ọmọ tán, ọṣẹ dúdú lásán ni mo fi wẹ̀ ẹ́. Èmi tí mò ń ta lọ́fíndà kì í jẹ́ kí ó kan ara ìkókó, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sí èjìká, mo fi imú kan àárín orí rẹ̀, bí gbogbo ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe.

Mo gbọ́ òórùn Ìyá Tíṣà.

Mo gbé orí kúrò. Mo tún fi imú kàn án. Òun ni. Mo fi ìdí wá àpótí, mo jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìyá Tíṣà jẹ́. Edith ni orúkọ wọn. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, ní Bẹẹrẹ ni ilé wọn wà. Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n fi kọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì bímọ. Obìnrin gíga, pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí kì í ṣàdédé rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo máa ń fi oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n bá yọ lókèèrè báyìí, ẹnu mi á pa dé. Wọn ò fẹ́ lọ́fíndà tí ẹlòmíràn ń lò, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo po tiwọn. Mísíkì funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo fi òróró olódòdó díẹ̀ sí i, mo fi èyí tó ń rùn bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn sí i, mo sì fi ohun kan tí n kò ní sọ parí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òdòdó gidi ni mò ń wí o. Ta ló ń rí òdòdó gidi rà? Inú kẹ́ẹ̀gì ni òróró wa ti ń wá láti òkè òkun, kẹ́míkà ni látòkèdélẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹni tí kì í ṣe alọ́fíndà kì í mọ̀. Òórùn inú ìgò ọ̀tọ̀, òórùn ara ènìyàn ọ̀tọ̀. Kí ẹni méjì fi lọ́fíndà kan náà sára láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, wọn ò ní rùn bákan náà mọ́. Ara ló ń parí iṣẹ́ tí èmi bẹ̀rẹ̀. Lára Ìyá Tíṣà, ṣọ́ọ̀kì máa ń wọ inú àpòpọ̀ mi yẹn. Ìwé àtijọ́ náà á wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan gbígbẹ kan, tó jẹ́ ti awọ ara wọn, tí n kò gbọ́ lára ẹlòmíràn rí láyé mi.

Èyí tí mo gbọ́ lórí Àjíkẹ́ kì í ṣe ti inú ìgò. Ti ara wọn ni. Ọdún kọkànlá sì rèé tí Ìyá Tíṣà ti kú.

"Sẹ̀gi," mo pè é. "Kí lo fi pa ọmọ lórí?"

"Mi ò fi nǹkan kan pa á, Ìyá."

"Gbọ́ òórùn rẹ̀."

Ó tẹríba, ó gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ń ta sánsán."

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń fi nǹkan sí i lára, mo kàn ń wò yín ni."

"Èmi kọ́."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọmọ tètè máa ń mọ̀ tí ẹ̀rù bá ń ba ìyá rẹ̀.

N kò sọ ti Ìyá Tíṣà fún un lọ́jọ́ náà, torí ọwọ́ tèmi kò mọ́. Nídìí iṣẹ́ wa, òfin kan wà tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́. Àpòpọ̀ tí a bá pò fún ẹnì kan ṣoṣo, bí ẹni náà bá kú, a kì í tà á fún alààyè. A ó gbẹ́ ilẹ̀, a ó dà á sínú rẹ̀, a ó sì bò ó. Ìyá mi kò sọ ìdí rẹ̀, èmi náà kò bèèrè. Nígbà tí Ìyá Tíṣà kú, kẹ́ẹ̀gì kan tí mo ti pò sílẹ̀ fún wọn ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, mo gbé e wálé, mo wá ibi tí mo lè gbẹ́. Sìmẹ́ǹtì ni láti ìloro dé ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ da gbogbo rẹ̀ ní ọdún náà ni, inú gbogbo wa sì ń dùn pé ẹrẹ̀ ti tán nínú agbo ilé. Òjò ń rọ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo sì da òróró náà sí gọ́tà. Mo ní Ọlọ́run mọ èrò ọkàn mi. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo àdúgbò ń ta sánsán, àwọn ènìyàn ń yọ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀.

Mo tẹ̀lé òórùn náà bí mo ṣe ń tẹ̀lé òróró tó bàjẹ́ nínú àpótí ìgò. Mo ní kí Sẹ̀gi fún ọmú díẹ̀ sínú abọ́ funfun. Mo gbọ́ ọ. Ó wà níbẹ̀. Mo lọ síbi ẹja tó ṣẹ́ kù nínú firíìjì, mo fi ọ̀bẹ tẹ ikùn rẹ̀. Ọ̀rá pupa rúsúrúsú yọ jáde. Mo gbọ́ ọ. Ó wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ti inú ẹja kò ní ṣọ́ọ̀kì. Àpòpọ̀ mi ni, bí mo ṣe pò ó gan-an, bí ẹni pé àná ni mo dé ìgò rẹ̀.

Mo wọ bàtà, ó di ọ̀dọ̀ Nojeem. Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù. Oòrùn mú. Nojeem, tí kò bá àwọn yòókù lọ kírun, jókòó lábẹ́ páànù, ó ń ran àwọ̀n.

"Nojeem, kí lò ń fún àwọn ẹja yìí jẹ?"

"Oúnjẹ ẹja ni, Ìyá Sẹ̀gi. Èyí tí wọ́n ń tà nínú àpò."

"O ò gbọ́ òórùn kankan?"

"Èmi tí mo ti wà nídìí ẹja láti ìdájí? Imú mi ti kú, Ìyá."

Mo rìn dé etí kòtò tó tóbi jù. Ẹja àrọ̀ a máa jà, a máa gun ara wọn, ariwo omi kì í tán níbi tí wọ́n bá wà. Àwọn wọ̀nyí kò jà. Wọ́n tò. Wọ́n tò ní ìlà, orí wọn kọjú sí apá kan náà, wọn ò mira. Omi tẹ́ pẹrẹsẹ lé wọn lórí. Mo gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

"Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn," Nojeem sọ, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Tó bá di aago méjì, wọ́n á tú ká."

Mo dúró. N kò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo fi dúró. Lójijì ni omi náà rú pùúù, gbogbo wọn sì fọ́n ká, wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n ń ta omi sí mi lẹ́sẹ̀. Mo wo fóònù mi. Aago méjì ni. Nígbà ayé Ìyá Tíṣà, aago méjì ni iléèwé ń ṣíwọ́.

Mo padà sílé láìra ẹja.

Moyinolúwa, ọmọ àbúrò Ìyá Tíṣà, ló ń gbé ilé wọn ní Bẹẹrẹ. Yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, omi odò àti ẹja inú rẹ̀ ló sì ń yẹ̀ wò. Mo ránṣẹ́ sí i. Ó wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣòkòtò ló wọ̀. Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ gọ́tà fún un. Ti òórùn ara nìkan ni n kò sọ. Mo ní òórùn lọ́fíndà kan tí mo dà nù wà nínú ẹja, ó sì wà lára ọmọ.

"Kì í ṣe ohun ìyanu, mà," ó sọ. "Lọ́fíndà òde òní, ọṣẹ, omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, kẹ́míkà kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Mísíkì tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe kì í tètè jẹrà. Kì í fẹ́ràn omi, ọ̀rá ló fẹ́ràn. Tó bá ti dé inú odò, á máa wọ ara ẹja díẹ̀díẹ̀, á máa dúró sínú ọ̀rá rẹ̀."

"Ẹni tó bá jẹ ẹja náà ńkọ́?"

"Ó lè wọ ọ̀rá tiẹ̀ náà. Wọ́n ti rí i nínú wàrà ọmú."

Mo mí kanlẹ̀. Ìtùnú ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ohun tó bá ní orúkọ nínú ìwé, mo rò pé ó ní oògùn.

"Ṣùgbọ́n ó máa ń kéré gan-an, mà," ó fi kún un. "Ẹ̀rọ ló ń rí i. Imú kì í gbọ́ ọ."

"Imú mi gbọ́ ọ."

"Kí n rí ọmọ náà."

Sẹ̀gi gbé Àjíkẹ́ fún un. Moyinolúwa gbé e dáadáa, ó fi ọwọ́ gbé ọrùn rẹ̀ ró, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó fi imú kan orí rẹ̀. Ẹ̀rín náà dúró lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

"Ṣọ́ọ̀kì," ó rọra sọ.

N kò tíì dárúkọ ṣọ́ọ̀kì fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ gbà á, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á."

Mo gba ọmọ. Moyinolúwa ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀, ó fi ti òsì sí ọ̀tún. Ní ẹnu ìloro ló ti yíjú padà. "Kí ìyá rẹ̀ má jẹ ẹja yẹn mọ́. Kó má jẹ ẹ́ rárá." Ó ti lọ.

Ìgbà náà ni Sẹ̀gi dì mọ́ mi lọ́rùn pé àfi kí n sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ́. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

A fi ẹja sílẹ̀. Ẹyin ni mo ń sè fún un, àti ẹran. Moyinolúwa ti tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Sẹ̀gi pé ó lè tó ọ̀pọ̀ oṣù kí nǹkan náà tó kúrò nínú ọ̀rá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni. Ní ọjọ́ kẹfà, ṣọ́ọ̀kì náà lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo fi imú kan orí Àjíkẹ́, mo gbọ́ òórùn ìkókó, wàrà àti òógùn, bí ọmọ gbogbo ayé ṣe ń rùn. Mo forí kanlẹ̀ lórí ẹní ìkírun, mo sunkún ọpẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Àjíkẹ́ kọ ọmú.

A kọ́kọ́ rò pé inú ló ń run ún. Sẹ̀gi gbé e sí ọmú ọ̀tún, ó yíjú. Ó gbé e sí ti òsì, ó yíjú. Kò ké. Ó kàn pa ẹnu dé, ó ń wo ibòmíràn. A po wàrà agolo fún un, ó tutọ́ rẹ̀ dànù. A fi ṣíbí, a fi òwú. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n tan iná sí i lẹ́nu, wọ́n ní ara rẹ̀ le. Wọ́n ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ nímú, wọ́n da wàrà sí i. Ó bì í. Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n tún gbé e lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì náà kò fẹ́ kí a rí nọ́ńbà rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Sẹ̀gi ní àwọn ń lọ sílé. Wọ́n bá a jà. Ó gbé ọmọ pọ̀n.

Ọmọ tó ń ké kì í ba èèyàn lẹ́rù. Èyí tí kò ké ni kí ẹ bẹ̀rù. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ojú rẹ̀ là, apá rẹ̀ ti rí bí igi ìṣáná. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Bí a bá yí i sí apá kejì, á rọra yí ọrùn rẹ̀ padà, ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ le, á máa wo ẹnu ọ̀nà.

Mo gbìyànjú ọgbọ́n tèmi. Mo kó ìgò mi jáde, mo fi síríńjì wọn òróró kọ̀ọ̀kan, mo po àpòpọ̀ Ìyá Tíṣà lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Imú mi kò ṣì í. Mo fi díẹ̀ sí etí ìró Sẹ̀gi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n ṣe é. Mo ṣe é. Àjíkẹ́ gbọ́ òórùn náà, ó yí orí sí ògiri, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ márùn-ún, ó sunkún. Ẹkún tí kò ní omi.

"Ìyá," Sẹ̀gi sọ. "Ẹ lọ ra ẹja."

"Moyinolúwa ní..."

"Mo gbọ́ ohun tó ní. Ẹ lọ, Ìyá."

Mo pe Moyinolúwa lórí fóònù kí n tó jáde. Mo ní ọmọ náà ń kú lọ lójú wa. Mo ní kó sọ fún mi pé kí n rà á tàbí kí n má rà á.

"Mi ò lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fún un, mà."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ó ń wo ẹnu ọ̀nà?"

Mo bi í bí ó ṣe mọ̀. Ó ní òun ló jókòó ti Ìyá Tíṣà títí wọ́n fi kú, ó sì pa fóònù. Nígbà tí mo tún pè é, kò gbé e. Títí di òní, kò gbé e.

Nojeem bi mí pé ibo ni mo wà láti ọjọ́ yìí tí n kò wá ra ẹja. Mo ní kó fún mi ní èyí tó dàgbà jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn kì í ṣe títà, òun ló kọ́kọ́ wọ kòtò, òun ni ìyá gbogbo wọn. Mo wò ó lójú. N kò mọ ohun tó rí lójú mi, ṣùgbọ́n ó mú àwọ̀n, ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹja náà kò sá fún un. Ó wá fúnra rẹ̀, ó rọra wọ inú àwọ̀n, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

Mo sè é. N kò fi ata tó pọ̀ sí i. Òórùn náà gba ilé kan bí omi ṣe ń hó, àwọn ará ilé ń bi mí pé irú efinrin wo ni mo fi sí ọbẹ̀. Sẹ̀gi jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ó jẹ orí, ó jẹ ọ̀rá inú rẹ̀, ó mu omi rẹ̀ tán, ó fi ìka nu abọ́. Ó jókòó ti ògiri, ó gbé ọmọ sí itan. A ń dúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọlé, mo ti ti ilẹ̀kùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni Àjíkẹ́ yí orí kúrò níbi ẹnu ọ̀nà. Ó yí i díẹ̀díẹ̀, ó kọjú sí ọmú ìyá rẹ̀, ó la ẹnu.

Ó ti sanra padà báyìí. Ẹni tó bá rí i á ní kò sàìsàn rí. Ara rẹ̀ ń dán, ó ń ta sánsán, àwọn obìnrin ọjà ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń bi mí pé èwo nínú ìgò mi ni mo fi ń pa á, kí àwọn náà ra tiwọn. Sàláúdéènì dé láti Kánò, ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè, ó ń jó. A kò sọ fún un. Ẹja méjì lọ́sẹ̀. Mo mọ ohun tí à ń fún ọmọ náà mu, Moyinolúwa ti sọ ọ́ yé mi, n kò lè sọ lọ́jọ́ iwájú pé n kò mọ̀. Mo máa ń ka oṣù tó kù kí a gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo máa ń rò ó pé kí ló máa wá ṣẹlẹ̀ tí a bá gbà á lẹ́nu rẹ̀, mo sì máa ń dáwọ́ kíkà dúró.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kẹ́míkà ló ń jẹ́ kí n máa jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án, kí n máa wo Sẹ̀gi bó ṣe ń fún un lọ́mú. Ó ń mu ún. Ilé á dákẹ́, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì, ìgbémì kan lẹ́yìn òmíràn, láìkánjú. Ojú rẹ̀ á là sílẹ̀. Mo bí ìyá ọmọ yìí, èmi ni mo gé ìwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. N kò mọ ẹni tí à ń bọ́.